Kínìṣì pọ̀tétò òun àlùbọ́sà ń bẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nínú ófùnù, ẹ gbà mí o

Abẹ́kẹ́_Brooklyn (Ajé, 9:14 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo wá tọrọ ìmọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ti pẹ́ ní Níú Yọ́ọ̀kì, àti lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó mọ fúláwà í pò.

Màmá kan ni mò ń tọ́jú níbí, Júù ni wọ́n, wọ́n ti pé ẹni ọdún 91. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí oúnjẹ ò ti wù wọ́n jẹ mọ́. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sọ ohun tí ọkàn wọn ń fẹ́. Wọ́n ní kínìṣì, oúnjẹ àwọn Júù kan tí wọ́n ń fi fúláwà wé tí wọ́n sì ń yan, irú èyí tí ìyá àwọn máa ń ṣe, tó jẹ́ pé pọ̀tétò àti àlùbọ́sà nìkan ló ń wà nínú rẹ̀. Knish ni wọ́n ń kọ ọ́, k iwájú rẹ̀ sì ń dún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni màmá tún un pè fún mi kí n tó pè é gún. Mo ra èyí tó ti dì ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n bù ú jẹ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n rọra ti àwo sẹ́yìn.

Ni mo bá ní màá ṣe é fúnra mi. Mo ti ṣe míìtì-páì tà rí ní Òṣogbo, mo sì rò pé ohun kan náà ni. Lánàá mo dán an wò ní ilé tèmi. Mo fi màjarín pò fúláwà, mo yí i kó nípọn tó bíi ti míìtì-páì. Mo bó pọ̀tétò, mo gé e wẹ́wẹ́, mo sè é, mo lọ̀ ọ́ nínú bílẹ́ńdà. Àlùbọ́sà méjì ni mo dín fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, mo pò ó mọ́ ọn.

Méjìlá ni mo ṣe. Mẹ́sàn-án bẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, pọ̀tétò ṣàn sórí páànù, ó sì jóná mọ́ ọn. Mẹ́ta tí kò bẹ́, ara wọn le bíi páálí, inú wọn ń fà yọ̀ọ̀, kò sì sí adùn kankan níbẹ̀. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ gbé e lọ fún màmá. Níbo ni mo ti ṣì í ṣe?


Bàbá_Búrẹ́dì_Ìbàdàn (Ajé, 9:52 alẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ ìtọ́jú àgbà, àbúrò mi. N ò fẹnu kan kínìṣì rí, ṣùgbọ́n ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń pò fúláwà ní Mọ́kọ́lá. Ohun tó bá bẹ́ nínú iná, ooru omi tí kò ríbi gbà jáde ló bẹ́ ẹ. Ẹ fi fọ́ọ̀kì gún un lójú kí ẹ tó gbé e wọ ófùnù. Ẹ jẹ́ kí ara fúláwà náà nípọn díẹ̀ sí i, kí ẹ sì fi ẹyin lẹ etí rẹ̀ pọ̀.

Bílẹ́ńdà yẹn ló ba pọ̀tétò jẹ́. Bí a ṣe ń fi odó sọ iṣu di iyán náà ni ọ̀bẹ bílẹ́ńdà ṣe ń sọ pọ̀tétò di gọ́ọ̀mù. Fọ́ọ̀kì ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́, kó ṣì ní kókó díẹ̀díẹ̀ nínú.


Ọmọ_Ìjẹ̀bú_NY (Ajé, 11:37 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́, àǹtí Abẹ́kẹ́. Ẹ kú iṣẹ́ náà sà, Bàbá Búrẹ́dì. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yín lórí bílẹ́ńdà. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú sà, ẹ jẹ́ kí n ta ko yín lórí kí ara rẹ̀ nípọn. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ni.

Mo ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́fà nínú ilé ìdáná kan tí wọ́n ti ń ṣe oúnjẹ àwọn Júù ní apá ìsàlẹ̀ Manhattan. Mo bẹ̀rẹ̀ níbi àwo fífọ̀, mo parí níbi tábìlì fúláwà. Bàbá arúgbó kan ló kọ́ mi ní kínìṣì, ohun tó sì kọ́kọ́ bá mi wí lé lórí ni pé mò ń ṣe é bíi páì. Míìtì-páì, ara rẹ̀ náà jẹ́ oúnjẹ. Ti kínìṣì, aṣọ fẹ́lẹ́ tí a fi wé pọ̀tétò ni. Bó bá nípọn, kò ní í jiná dénú kí inú tó gbóná hó, ibẹ̀ ló sì ti máa ya.

Ẹ má lo màjarín rárá. Òróró ni wọ́n fi ń pò ó. Báyìí ni mo ṣe ń ṣe é nílé:

Fúláwà lásán tí kì í ṣe ti búrẹ́dì, gíráàmù 320. Béékìn-páúdà ṣíbí tíì kan. Iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì. Ẹ po ẹyin kan, òróró mílílítà 100, fínígà ṣíbí tíì kan àti omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ mílílítà 110 pọ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ wá dà á sínú fúláwà. Ẹ pò ó títí ara rẹ̀ á fi dán, ẹ fi òróró díẹ̀ pa á lára, ẹ bò ó, kí ẹ sì fi sílẹ̀ fún wákàtí kan gbáko. Ẹ má kánjú níbi wákàtí kan yìí. Fúláwà tí kò sinmi, bí ẹ bá nà án lọ sọ́tùn-ún, á tún sún ara rẹ̀ padà wá.

Pọ̀tétò kílò kan dín díẹ̀, irú èyí tó ní èèpo pípọ́n tó rí háráhárá, tí wọ́n ń pè ní russet. Ẹ sè é tèèpotèèpo. Èyí tí ẹ bó, tí ẹ gé kí ẹ tó sè é, omi ló mu, omi yẹn ló sì di ooru tó bẹ́ kínìṣì yín. Bó bá jiná, ẹ da omi nù, ẹ bó o, ẹ dá a padà sínú ìkòkò gbígbẹ lórí iná kékeré, kí ẹ máa mì í títí ooru ò fi ní í rú mọ́. Ẹ wá fi fọ́ọ̀kì tẹ̀ ẹ́.

Àlùbọ́sà méjì kò tó, àǹtí mi. Mẹ́rin ńláńlá, tàbí márùn-ún. Ìṣẹ́jú márùn-ún yín yẹn, àlùbọ́sà kò tíì mọ̀ pé òun wà lórí iná. Ìṣẹ́jú ogójì sí àádọ́ta ni, iná jẹ́jẹ́, òróró ṣíbí mẹ́rin, iyọ̀ díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kó lè sun omi rẹ̀ jáde. Á kọ́kọ́ rọ̀, á funfun, á wá pupa rẹ́súrẹ́sú, ilé á sì gba òórùn rẹ̀ kan. Ẹ má fi ṣúgà sí i. Ṣúgà ara rẹ̀ ló ń pọ́n ọn. Ẹ da gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú òróró inú ìkòkò sórí pọ̀tétò, iyọ̀, ata dúdú lílọ̀ tó pọ̀ díẹ̀. Kò sí ohun mìíràn.

Lẹ́yìn náà ẹ fi ìyẹ̀fun kun tábìlì, ẹ yí fúláwà náà, kí ẹ wá ki ẹ̀yìn ọwọ́ yín sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ máa fà á díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi máa rí tábìlì lábẹ́ rẹ̀. Ẹ to pọ̀tétò sí etí kan bí ọ̀pá gígùn, ẹ ká a bí ẹní, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ẹ má fi ọ̀bẹ gé e. Ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ yín, níbi ìka kékeré, ẹ fi fúláwà pa á, kí ẹ máa fà á síwá sẹ́yìn bí ayùn lórí ọ̀pá náà títí yóò fi já. Ọwọ́ a máa lẹ ẹnu rẹ̀ pọ̀ bó ṣe ń gé e. Ọ̀bẹ a máa ya á sílẹ̀ ni. Ẹ wá lọ́ ìdí rẹ̀, ẹ gbé e dúró, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ojú rẹ̀ wọnú díẹ̀. Ẹ fi ẹyin pa á, kí ẹ yan án ní 375 lórí ófùnù Amẹ́ríkà, ìyẹn bíi 190 ní ti àwọn ará ilé, fún ìṣẹ́jú ogójì.


Tèmítáyọ̀_London (Ìṣẹ́gun, 7:20 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ mà. Bọ́tà àti mílíkì ni kí ẹ fi tẹ pọ̀tétò yẹn, kí ẹ rẹ ṣíìsì díẹ̀ sí i. Arúgbó nílò ohun tó rọ̀ tó sì ní ọ̀rá. Ọ̀dùnkún náà ni mo máa ń lò nígbà míì, adùn rẹ̀ ju ti pọ̀tétò lọ.


Ọmọ_Ìjẹ̀bú_NY (Ìṣẹ́gun, 7:41 àárọ̀)

Kì í ṣe pé kò sí ti ọ̀dùnkún o. Ilé kínìṣì Yonah Schimmel tó wà ní òpópónà Houston láti 1910 ń ta ti ọ̀dùnkún, wọ́n ń ta ti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ òyìnbó, wọ́n sì ń ta ti kaṣá, ìyẹn irú ọkà kan tí àwọn ará Ìlà Oòrùn Yúróòpù fẹ́ràn. Ṣùgbọ́n màmá dárúkọ ohun tí wọ́n fẹ́. Ẹni ọdún 91 tó ń rántí ọwọ́ ìyá rẹ̀, ẹ má fún un ní nǹkan tó sàn ju ohun tó béèrè lọ.


Ìyá_Àdùkẹ́_Baltimore (Ìṣẹ́gun, 8:05 àárọ̀)

Abẹ́kẹ́ ọmọ mi, dákẹ́ ná. Má tíì ra nǹkan kan.

Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi tọ́jú àwọn àgbà Júù ní Baltimore níbí, mo sì ka gbogbo ohun tí ẹ ti kọ, n ò rí ẹnì kan tó béèrè ohun tó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè. Ṣé màmá ń pa òfin kóṣà mọ́, ìyẹn òfin oúnjẹ àwọn Júù? Nítorí o ní ilé tèmi ni mo ti ṣe é, o sì ní mo fẹ́ gbé e lọ fún wọn. Bí wọ́n bá ń pa á mọ́, ohun tó jáde láti inú ìkòkò rẹ, tó ti se edé rí, tó ti se ẹran tí kì í ṣe kóṣà rí, wọn ò lè jẹ ẹ́. Bí wọn ò bá sì mọ̀, tí wọ́n jẹ ẹ́ nítorí pé wọ́n fọkàn tán ẹ, ìyẹn burú ju kí wọ́n má jẹ lọ.

Gbọ́ bó ṣe rí. Nínú Ẹ́kísódù orí 23 ẹsẹ 19, a sọ pé a kò gbọdọ̀ se ọmọ ewúrẹ́ nínú wàrà ìyá rẹ̀. Orí ọ̀rọ̀ yẹn ni àwọn Júù dúró lé tí ẹran àti wàrà kò fi ń pàdé nínú oúnjẹ wọn, tí ìkòkò, àwo àti ṣíbí méjèèjì fi yàtọ̀ síra. Ohun tí kì í ṣe ẹran tí kì í ṣe wàrà, wọ́n ń pè é ní párẹ́fù. Pọ̀tétò, àlùbọ́sà, fúláwà, òróró, ẹyin, párẹ́fù ni gbogbo wọn. Kínìṣì tí a fi òróró ṣe, ẹ lè jẹ ẹ́ pẹ̀lú ẹran, ẹ lè jẹ ẹ́ pẹ̀lú wàrà. Bí o bá wá gbọ́ ti Tèmítáyọ̀, tí o fi bọ́tà àti ṣíìsì sí i, ó ti di oúnjẹ wàrà nìyẹn. Bí màmá bá ti jẹ adìyẹ lọ́sàn-án, ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa dúró wákàtí mẹ́fà kí wọ́n tó lè fẹnu kan án. Màjarín náà, wo ẹ̀yìn páálí rẹ̀ dáadáa, àwọn kan ní omi wàrà nínú.

Nítorí náà, inú ilé màmá ni kí o ti ṣe é, pẹ̀lú ìkòkò màmá. Pe ọmọ wọn lónìí, bi í pé èwo ni ìkòkò párẹ́fù. Gbogbo ohun tí o bá rà tó wà nínú páálí tàbí ìgò, wá àmì kóṣà lára rẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni lẹ́tà U nínú òbíríkítí. Ẹyin, má fọ́ ọ tààrà sórí fúláwà. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni kí o fọ́ sínú gíláàsì, kí o gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà níbẹ̀ bó ti wù kó kéré, dà á nù.

Ó ku kan. Àwọn tó ń pa á mọ́ dáadáa a máa fẹ́ kí ọwọ́ Júù wà nínú iná tí a fi se oúnjẹ. Má ṣe jẹ́ kó dùn ẹ́, kì í ṣe pé wọ́n ń kórìíra ẹ. Ní ilé tí mo wà, bàbá fúnra wọn ló ń tan iná, èmi ni mò ń sè é, gbogbo wa sì ń jẹun ní àlàáfíà. Béèrè bóyá wọ́n ka èyí sí.


Abẹ́kẹ́_Brooklyn (Ìṣẹ́gun, 1:30 ọ̀sán)

Ẹ ṣeun gan-an mà, Ìyá Àdùkẹ́. Ara mi bù máṣọ nígbà tí mo kà á. Oṣù mẹ́rin ni mo ti wà níbẹ̀, oúnjẹ tí ọmọ wọn bá kó wá ni mo kàn ń gbé gbóná, n ò se nǹkan kan rí. Mo mọ̀ pé téépù aláwọ̀ wà lára ìkòkò, mo rò pé nítorí ojú màmá tí kò ríran dáadáa ni.

Mo ti pe ọmọ wọn. Wọ́n ń pa á mọ́ o. Pupa ni ti ẹran, búlúù ni ti wàrà, àwọ̀ ewé ni párẹ́fù. Inú ọmọ náà dùn débi pé ohùn rẹ̀ yí padà lórí fóònù. Ó ní láti ìgbà tí ìyá òun kò ti lè dúró pẹ́ mọ́ ni ẹnikẹ́ni ò ti yan nǹkan nínú ilé yẹn. Ó ní ìyá òun lè fọwọ́ tan ófùnù náà, bọ́tìnì lásán ni. Òun á ra gbogbo ohun èlò wá ní Ọjọ́bọ̀ kí Ṣábáàtì, ọjọ́ ìsinmi wọn, tó wọlé.


Kọ́lá_Coney (Ìṣẹ́gun, 6:48 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ ń sọ̀rọ̀ róbótó, róbótó. Èyí tí gbogbo Níú Yọ́ọ̀kì mọ̀ ni onígun mẹ́rin, tí wọ́n dín nínú epo, tí ara rẹ̀ pọ́n bíi wúrà, tí wọ́n ń tà lórí kẹ̀kẹ́ àwọn oní-họ́tídọ́ọ̀gì, tí wọ́n ń la láàrin tí wọ́n ń fi mọ́sítádì sí. Ilé iṣẹ́ Gabila's ti ń ṣe é láti 1921. Nígbà tí iná jó ilé iṣẹ́ wọn ní Long Island ní 2013, oṣù mélòó kan la fi wá a tì, ìwé ìròyìn sì gbé e. Bí màmá bá jẹ́ ọmọ Brooklyn, ẹ dín in!


Ọmọ_Ìjẹ̀bú_NY (Ìṣẹ́gun, 7:15 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n Kọ́lá, mo jẹ onígun mẹ́rin yẹn púpọ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, owó rẹ̀ kò wọ́n, ó sì ń mú ni yó. Ṣùgbọ́n ohun ilé iṣẹ́ ni, ìyá ẹnikẹ́ni kò ṣe é nílé bẹ́ẹ̀. Màmá ní ti ìyá àwọn ni. Àwọn Júù tó kó wá láti Ukraine, Poland, Romania àti àyíká wọn ló gbé kínìṣì dé, inú ilé ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ ń yan án kí wọ́n tó máa fi ọmọlanke tì í kiri fún àwọn tó ń ránṣọ ní ilé iṣẹ́ aṣọ. Èyí tí wọ́n ń yan, tí wọ́n ń ká, ni ẹ jẹ́ ká dúró lé.

Àǹtí Abẹ́kẹ́, ẹ bi màmá léèrè bóyá ojú rẹ̀ ṣí tàbí ó dé. Ilé ló ní tiẹ̀.


Ìyá_Àdùkẹ́_Baltimore (Ìṣẹ́gun, 9:02 alẹ́)

Kó tún bi wọ́n ní ti ọ̀rá adìyẹ. Nígbà ayé ìyá wọn, ọ̀rá adìyẹ tí wọ́n yọ́ pẹ̀lú àlùbọ́sà ni ọ̀pọ̀ ń fi dín àlùbọ́sà kínìṣì, ṣmáltìsì ni wọ́n ń pè é. Adùn rẹ̀ kò láfiwé. Ṣùgbọ́n bí o bá lò ó, ìkòkò téépù pupa ni, kínìṣì náà sì ti di oúnjẹ ẹran. Ní ọjọ́ orí wọn, òróró ni èmi á mú.


Bàbá_Búrẹ́dì_Ìbàdàn (Ọjọ́rú, 4:10 ìrọ̀lẹ́)

Mo dán ti Ọmọ Ìjẹ̀bú wò lónìí lẹ́yìn tí búrẹ́dì jáde. Mo gbà pé mo ṣì í sọ. Èyí tí mo mú kó nípọn, mẹ́fà nínú mẹ́jọ ya. Èyí tí mo fà fẹ́lẹ́, ẹyọ kan ṣoṣo ló ya, ibi tí mo ti fi èékánná lu ú ni.

Fínígà yẹn yà mí lẹ́nu. Mo ṣe ìdajì láìfi sí i, ó ń fà padà bíi rọ́bà. Èyí tó ní fínígà, ó nà láìjà. Fúláwà tí mo ní níbí, ti búrẹ́dì ni, ó lágbára jù, nítorí náà wákàtí kan kò tó o, wákàtí méjì ni mo fún un. Àwọn tó bá fẹ́ ṣe é nílé Nàìjíríà, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Mo sì ṣàkíyèsí pé ibi tí mo fi ìyẹ̀fun kun jù lórí tábìlì, etí rẹ̀ kò lẹ̀. Òróró díẹ̀ lórí tábìlì dáa ju ìyẹ̀fun lọ.


Abẹ́kẹ́_Brooklyn (Ọjọ́rú, 10:25 alẹ́)

Mo tún dán an wò nílé tèmi lálẹ́ yìí, èmi àtàwọn ọmọ la jẹ ẹ́. Ó ti yàtọ̀ pátápátá! Àlùbọ́sà ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, àwọn ọmọ mi wá dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n ń béèrè ohun tí mò ń sè. Mẹ́wàá ni mo rí. Méjì ṣì bẹ́. Ìdí méjèèjì rẹ̀ rin gbindin, bí ẹni pé omi wà lábẹ́ rẹ̀.


Ọmọ_Ìjẹ̀bú_NY (Ọjọ́rú, 10:40 alẹ́)

Ṣé ó ṣì gbóná nígbà tí ẹ ń ká a?


Abẹ́kẹ́_Brooklyn (Ọjọ́rú, 10:43 alẹ́)

Bẹ́ẹ̀ ni, ilẹ̀ ti ń ṣú.


Ọmọ_Ìjẹ̀bú_NY (Ọjọ́rú, 10:58 alẹ́)

Ibẹ̀ ló wà. Ohun gbígbóná tí a wé sínú fúláwà a máa làágùn sí i, aṣọ fẹ́lẹ́ yẹn á sì rin kó tó dé inú ófùnù. Ẹ jẹ́ kí inú rẹ̀ tutù pátápátá, kódà ẹ lè sè é lọ́jọ́ tó ṣáájú kí ẹ fi í sínú fíríìjì di àárọ̀. Bí ẹ bá sì ń ká a, ẹ fún un mọ́ra, kí afẹ́fẹ́ má kù láàrin. Ẹ gbé ófùnù gbóná tán kí ẹ tó ti páànù wọlé, kí ẹ sì fi í sí ilé ìsàlẹ̀ kí ìdí rẹ̀ lè gbẹ.


Ìyá_Àdùkẹ́_Baltimore (Ọjọ́bọ̀, 6:30 àárọ̀)

Bó bá ní kí o sè é lọ́jọ́ tó ṣáájú, má ṣe é lọ́jọ́ Sátidé o, Ṣábáàtì ni. Láti ìgbà tí oòrùn bá ti ń lọ wọ̀ ní Jímọ́ọ̀ títí ìràwọ̀ á fi yọ lálẹ́ Sátidé, kò sí iná dídá nílé yẹn. Sè é lọ́sàn-án Jímọ́ọ̀, tàbí láàárọ̀ kùtùkùtù Àìkú.


Abẹ́kẹ́_Brooklyn (Àìkú, 8:16 alẹ́)

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú àdúrótì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ délé ni.

Aago méje àárọ̀ ni mo dé ọ̀dọ̀ màmá. Mo gbé pọ̀tétò kaná, mo gé àlùbọ́sà márùn-ún. Ọmọ wọn gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ ófùnù, màmá rọra tẹ bọ́tìnì, wọ́n sọ nǹkan kan jẹ́jẹ́ ní èdè wọn, wọ́n sì padà sínú yàrá. Nígbà tí àlùbọ́sà ti ń pọ́n, tó kù bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n gbé e kalẹ̀, mo gbọ́ ìró igi ìtìlẹ́yìn wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ti jáde fúnra wọn. Wọ́n fà ṣíbí lọ́wọ́ mi, wọ́n wo inú ìkòkò, wọ́n ní "tsibele," mo sì bi ọmọ wọn léèrè, ó ní àlùbọ́sà nìyẹn ní èdè Yídíìṣì. Wọ́n ní kò tíì tó. Mo ní ó ti pọ́n, màmá. Wọ́n ní kò tíì tó. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i ni a tún fi í sórí iná, títí apá kan rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹ gbọ́ o, dúdú yẹn ni wọ́n ń wá láti ọjọ́ yìí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ti ti ṣọ́ọ̀bù sẹ́yìn.

Mo jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ tutù. Mo fa fúláwà, mo to inú rẹ̀, mo ká a. Nígbà tí mo fẹ́ fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ gé e, màmá na ọwọ́ tiwọn. Ọwọ́ yẹn tí kì í dúró jẹ́ẹ́, tí wọn ò lè fi gbé ife tíì mọ́. Wọ́n gbé e lé ọ̀pá pọ̀tétò náà, wọ́n sì ń fà á bí ayùn, àfi bí ẹni pé àná ni wọ́n ṣe é kẹ́yìn. Mẹ́ta ni wọ́n gé kó tó rẹ̀ wọ́n. Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọnú, wọn kò pa á dé, pọ̀tétò hàn díẹ̀ láàrin. Nítorí náà ojú rẹ̀ ṣí o, ní ilé ìyá wọn.

Mẹ́rìnlá la ṣe, kò sí ẹyọ kan tó bẹ́.

Wọ́n jẹ odidi kan, wọ́n tún jẹ ìdajì èkejì pẹ̀lú mọ́sítádì. Ọmọ wọn bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó dúró síbẹ̀ díẹ̀ kó tó wọlé padà. Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Ọlọ́run á dá yín lóhùn bí ẹ ṣe dá mi lóhùn.


Bàbá_Búrẹ́dì_Ìbàdàn (Àìkú, 8:40 alẹ́)

Ẹ kú oríire, àbúrò mi. Mo ti kọ àlùbọ́sà dúdú yẹn sínú ìwé mi.


Tèmítáyọ̀_London (Àìkú, 9:03 alẹ́)

Inú mi dùn gan-an mà. Ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ ṣíìsì yẹn, n ò mọ̀ pé òfin wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, èyí tó kù ńkọ́? Ṣé wọ́n lè tọ́jú rẹ̀?


Ọmọ_Ìjẹ̀bú_NY (Àìkú, 9:20 alẹ́)

Wọ́n lè tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Kó tutù tán, kí wọ́n tò ó sórí páànù nínú fíríìsà kó dì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n tó kó o sínú ọ̀rá. Bí màmá bá fẹ́ jẹ, láti inú fíríìsà tààrà sí inú ófùnù ni, 350, bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ẹ má fi í sínú máíkírówéèfù, ara rẹ̀ á rọ̀ pẹ̀lẹ́bẹ́, gbogbo iṣẹ́ yẹn á sì ṣòfò.


Abẹ́kẹ́_Brooklyn (Àìkú, 9:31 alẹ́)

Mẹ́jọ ló wà nínú fíríìsà wọn báyìí, nínú ọ̀rá tí mo lẹ téépù àwọ̀ ewé mọ́. Kí n tó kúrò níbẹ̀, màmá ti ka iye rẹ̀.